Kì í ṣe Nàìjíríà ló gba ipò wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ sọ, a sì mọ̀ pé ó máa bí àwọn kan nínú.

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Nàìjíríà ti na Bẹ̀nẹ̀ 4-0 ní Uyo ni àríyànjiyàn ò ti tán láàárín wa ní Sèmè níbí. Àwọn tó fẹ́ràn Guépards ń sọ pé àwọn ará òdìkejì bodè ló já Ife Àgbáyé gbà lọ́wọ́ wa. Àwọn tó ń ṣe ti Super Eagles ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ eré ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ ìjà láàárín ọmọ ìyá. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó.

Ìsọ̀rí mẹ́sàn-án ni wọ́n pín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà sí. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nìkan ló ń lọ tààrà sí Ife Àgbáyé 2026. Mẹ́rin tó bá dáa jù nínú àwọn tó ṣe ipò kejì á tún lọ bá ara wọn jìjàdù. Àwa, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà, Rwanda, Lesotho àti Zimbabwe la jọ wà. Kí wọ́n tó wọ pápá ní Uyo, póìntì 17 ni Bẹ̀nẹ̀ ní, Gúúsù Áfíríkà ní 15, Nàìjíríà ní 14. Bí a bá borí, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bí a bá ta ọ̀mì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ọ̀mì ì bá gbé wa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni Gúúsù Áfíríkà na Rwanda 3-0, tí wọ́n di 18. Àwa náà ì bá di 18. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ góòlù tí wọ́n gbá wọlé wa kúrò nínú èyí tí a gbá, 5 ni ì bá kù fún wa, tiwọn jẹ́ 6. Góòlù kan ṣoṣo!

Níbo wá ni góòlù yẹn sọnù sí? Lójú tiwa, Àbíjàn ló sọnù sí.

Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 2025, Bẹ̀nẹ̀ gba Gúúsù Áfíríkà lálejò, wọ́n sì nà wá 2-0. Ilé wo la ti gbà wọ́n lálejò? Àbíjàn. Pápá tó wà ní Kútọnú kò gba àṣẹ fún irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, la bá di ẹni tó ń yá ilé onílé ṣe àlejò. Nínú ìdíje tí góòlù kan lè fi lé ẹ jáde, ilé kì í ṣe ohun kékeré. Gúúsù Áfíríkà gba tiwọn nílé, àwọn èèyàn wọn ń pariwo lẹ́yìn wọn. Nàìjíríà gba tiwọn ní Uyo. Àwa ńkọ́?

Ẹnìkan á ní, ṣebí Àbíjàn náà la ti na Nàìjíríà 2-1 ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024. Bẹ́ẹ̀ ni, Dossou àti Mounié gbá a wọlé, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló fojú ara rẹ̀ rí i? Orílẹ̀-èdè méjì tí bodè wọn wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, àfi kí èèyàn la Tógò kọjá, kó la Gánà kọjá, kó tó débi tí wọ́n ti ń gbá a. Orí tẹlifíṣọ̀n la ti wò ó bí ẹni tó wà ní òkè òkun.

Àwọn kan tún ń pariwo ọ̀rọ̀ Mokoena. Òótọ́ ni pé Gúúsù Áfíríkà lò ó nígbà tí káàdì yẹ́lò méjì wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló gbà nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú wa. FIFA ti jẹ wọ́n níyà, wọ́n gba póìntì mẹ́ta lọ́wọ́ wọn, 2-0 tí wọ́n fi na Lesotho di 3-0 fún Lesotho. Ọpẹ́lọpẹ́ ìdájọ́ yẹn la fi bọ́ síwájú. Ní 2023 náà, irú ọ̀rọ̀ káàdì yìí ló sọ ọ̀mì wa pẹ̀lú Rwanda di 3-0 fún wa. Ẹni tí òfin ti gbè rí kò lè wá sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ti Nàìjíríà tí ẹ ń bínú sí, kí ni wọ́n jẹ nínú ẹ̀? Póìntì 17 ni àwa àti wọn jọ parí sí. Osimhen gbá mẹ́ta, Onyeka gbá ọ̀kan, ipò kejì náà ni wọ́n dé. Wọ́n na Gabon 4-1 ní Mòrókò, DR Congo sì fi pẹnárítì lé wọn jáde. Ẹ tún wo ẹni tó gbá góòlù tó fún wa ní ìṣẹ́gun ní Kigali ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú Uyo: Tosin Aiyegun, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó. Gernot Rohr tó ń kọ́ wọn nígbà yẹn náà, Nàìjíríà ló ti wá. Ta wá ni ọ̀tá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ìbínú wa, ẹ jẹ́ ká darí ẹ̀ síbi tó yẹ. Kí ìdíje mìíràn tó dé, kí àwọn tó ń ṣètò bọ́ọ̀lù ní Kútọnú sọ fún wa ní gbangba ohun tó kù kí pápá tó gba àṣẹ, iye tó máa ná, àti ọjọ́ tó máa parí. A ò fẹ́ gbọ́ “láìpẹ́”. Ọjọ́ àti oṣù la fẹ́ gbọ́. Tí Nàìjíríà bá tún wá, kí a gun zém láti Kraké, kí àwọn ìbátan wa láti Àgbádárìgì wọ aṣọ Super Eagles tiwọn wá, kí a jọ pariwo mọ́ ara wa lórí títí bọ́ọ̀lù á fi parí.