Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Bá Wọn Wálé

Inú wa dùn pé àwọn ará wa ní London ń mú ọmọ wọn wá wo Ilé-Ifẹ̀ àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 tí kò fẹ́ wá kì í ṣe ẹrù tí a ń dì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: kí òun náà yan ibi kan tí ó wù ú, kí ó sì mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ̀yin ìjòyè, nígbà púpọ̀, ẹ̀rín wa ni ó ń bẹ̀rù. Ọmọ tí a fi Yorùbá rẹ̀ ṣẹ̀sín lónìí kì yóò mú ọmọ tirẹ̀ wálé lọ́la.