Ìṣísẹ̀ Wa sí Mọ́sálásí àti Ọkàn Wa

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun Allah, Ẹni tí ó fi ọkàn sí àyà wa, tí ó ń lù lọ́sàn-án àti lóru láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ohun kan wà tí a máa ń rí ní ọ̀sán Jímọ̀ ní Calgary níbí. Àwọn ọkùnrin tí ara wọn le, tí wọn kò tí ì pé ọmọ 60 ọdún, a máa fi ọkọ̀ yí ibi ìgbọ́kọ̀sí po lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n lè rí àyè nítòsí ẹnu ọ̀nà. Àyè wà ní títì kejì, ṣùgbọ́n ìrìn ìṣẹ́jú 4 ni láti ibẹ̀. A ti bá àwọn méjì kan parí ìjà rí lórí irú àyè bẹ́ẹ̀, kí a tó lọ gun mínbárì.

Ìtàn ìdílé Banu Salimah ni ó sọ sí wa lọ́kàn lọ́jọ́ náà. Ilé wọn jìnnà sí mọ́sálásí Ànábì ní Mẹdínà, wọ́n sì gbèrò láti kó wá sí ìtòsí rẹ̀. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní kí wọ́n dúró sí ibùgbé wọn, nítorí pé a ń ṣe àkọsílẹ̀ ìṣísẹ̀ wọn. A ti ṣe wàásù lórí hàdíìsì yìí lọ́pọ̀ ìgbà, láádá nìkan sì ni a máa ń mẹ́nu bà. A kò sọ fún yín rí pé ara pàápàá ní ìpín nínú àwọn ìṣísẹ̀ náà.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wa ní ìlú yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń wa takisí tàbí ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn kan ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ lóru lórí àga, àwọn mìíràn ń jókòó ti kọ̀ǹpútà fún wákàtí 8. Ẹni tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé kéú àti sí ọjà ní Ìlọrin tàbí Ìwó dé Calgary, ẹsẹ̀ rẹ̀ wá di ohun tí a fi ń tẹ búrèkì nìkan. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, àga ni yóò tún gbà á.

Ní ọdún 1953, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jeremy Morris, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ni wọ́n wò, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 35 sí 64. Nínú bọ́ọ̀sì kan náà, awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó ọkọ̀. Àrùn ọkàn pọ̀ lára awakọ̀ ju ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Bí ó bá tilẹ̀ mú kọ̀ńdọ́kítọ̀, kì í sábà yára pa á bí ó ti ń pa awakọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà kiri àti àwọn akọ̀wé tí ń jókòó sí ọ́fíìsì. Àwọn kan lè ní bóyá ẹni tí ó sanra ni ó máa ń lọ ṣe awakọ̀. Morris ti rò ó ṣáájú wọn. Ó lọ wo ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ tí a rán fún wọn, ó sì rí i pé ìbàdí awakọ̀ tóbi ju ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ lóòótọ́. Síbẹ̀, awakọ̀ tí kò sanra pàápàá kò bọ́ nínú ewu náà. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn eré ìdárayá, ó sì lo ọdún 99 láyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ Ọlọ́hun ni ẹ̀mí wà.

A níláti jẹ́wọ́ ohun kan níhìn-ín. Fún ọdún pípẹ́ ni àwa náà ti ń sọ lórí mínbárì pé ẹni tí ó bá ń kírun kò nílò eré ìdárayá mìíràn. A kò tún ní sọ ọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: rákáà 17 ni ọ̀ranyàn ojúmọ́ kan, ìforíkanlẹ̀ 34 ni ó wà nínú rẹ̀. Bí rákáà kan bá gba ìṣẹ́jú 2, ìṣẹ́jú 34 péré ni, tí a pín sí ọ̀nà márùn-ún, èémí ẹnikẹ́ni kò sì yára nínú rẹ̀. Kò sì yẹ kí ó yára. Ṣé a ti gbàgbé ọkùnrin tí ó kánjú kírun, tí Ànábì ní kí ó padà lọ kí i, nítorí pé kò tíì kírun? Ìfarabalẹ̀ jẹ́ ara òpó ìrun. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní tirẹ̀, sọ ní ọdún 2020 pé àgbàlagbà nílò ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ nínú ìgbòkègbodò tí ó mú ọkàn yára díẹ̀: irú ìrìn kánmọ́kánmọ́ tí ènìyàn fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè fi kọrin. Iṣẹ́ tí a kò rán ìrun ni a fẹ́ kí ó jẹ́ fún wa. (Ẹ má sì tìtorí èyí sáré wá sí ìrun o, Ànábì ní kí a fi ìfàyàbalẹ̀ rìn wá.)

Àwọn kan yóò ní ọjọ́ orí wa ti kọjá eré. Ànábì bá ìyá wa Àíṣà sáré ìje lójú ìrìn-àjò. Àíṣà kọ́kọ́ borí. Nígbà tí ó yá, tí Àíṣà sanra díẹ̀, Ànábì borí, ó sì fi èyí san ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwàdà. Ó ti lé ní ọmọ 50 ọdún nígbà náà. Ta ni nínú wa tí ó lè bá aya rẹ̀ sáré dé igun títì lónìí?

Ewu tí ó wà nínú ìjókòó yìí máa ń farahàn jù nígbà yìnyín. Òfin ìlú wa ni pé kí onílé kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí ó bá dá. Ẹni tí kò rìn láti oṣù kẹsàn-án yóò jí lówùúrọ̀, yóò gbé ṣọ́bìrì nínú òtútù tí ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, yóò sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Quebec, tí ó jáde ní ọdún 2017, fi hàn pé bí yìnyín ńlá bá ti rọ̀, iye ọkùnrin tí ìkọlù ọkàn ń mú máa ń pọ̀ sí i. Ẹ máa kó o díẹ̀díẹ̀, ẹ máa sinmi, ẹ máa ti yìnyín dípò gbígbé e. Bí àyà bá ń fún yín mọ́lẹ̀, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bọ̀, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má sì dúró di ẹ̀yìn ìrun.

Òtútù kì í ṣe àwáwí tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Calgary ti ń kọ́ àwọn afárá onídígí tí wọ́n ń pè ní Plus 15, tí ó so àwọn ilé àárín ìlú pọ̀ lókè títì. Gígùn wọn tó nǹkan bíi kìlómítà 16, inú wọn sì móoru. Ọ̀fẹ́ ni ìrìn nínú àwọn ilé ìtajà ńlá pẹ̀lú. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí tí àyà ti ń dùn tẹ́lẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀.

Ànábì a máa lọ sí mọ́sálásí Kuba ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nígbà mìíràn lórí ẹran ìgùn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹsẹ̀. Nítorí náà, Sátidé ni a mú. Láti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, agogo 9 àárọ̀ ni a óò máa pàdé níwájú mọ́sálásí. Bí yìnyín bá wà, inú ilé ìtajà ni a óò ti rìn. Ẹ wọ bàtà tí kò ń yọ̀. Ẹni tí ìṣẹ́jú 10 bá tó fún, kí ó rin 10, kí ó jókòó dè wá. Àwọn ìyá wa àti àwọn arábìnrin ní ẹgbẹ́ tiwọn, aya wa ni yóò ṣáájú wọn, ó sì ti kìlọ̀ fún wa pé wọn kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.