Ẹ Bi Aláìsàn Léèrè

Lọ́dún 1996, Roland Valori àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba tẹ ìwé ìbéèrè kan jáde láti fi mọ ohun tí aláìsàn ń wá lọ́dọ̀ dókítà: ṣé àlàyé ni, ìtùnú ni, àbí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú? A nílò irú rẹ̀ ní Avrankou, lẹ́bàá Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin níbí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gbé bébà elédè Faransé lé ìyá àgbà lọ́wọ́ o! Kí nọ́ọ̀sì fẹnu bi í, ní Ègùn tàbí Yorùbá, kí ó tó mú gègé: “Màmá, kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún yín?” Ó lè jẹ́ ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru tó pa àbúrò rẹ̀ ló gbé e wá, kì í ṣe oògùn. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí wọ́n kà á fún ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn lóṣooṣù.