Ìwé Ìhágún Tí A Kọ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀ràn kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa kì í fẹ́ gbọ́ sétí, èyíinì ni ọ̀ràn ìwé ìhágún. Bí a bá dá a sílẹ̀ níwájú àgbàlagbà, yóò ní a ń ṣépè fún òun ni. Nítorí náà, inú wa dùn pé àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn lè jókòó sílé nísinsìnyí, kí wọ́n kọ ìwé ìhágún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ó yé wọn pé ìwé tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kò tíì di ìwé ìhágún.

Òfin Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn tí ó wà nínú àkójọ òfin 1959, àti ti Ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú, sọ ọ́ yékéyéké. Ẹni tí ó ni ìwé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; àwọn náà yóò sì fọwọ́ sí i níṣojú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ lè tẹ̀ka, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ kà á sí i létí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ ọ́ tán, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí ó sì pe aládùúgbò méjì.

Kí ó má ṣe pe aya tàbí ọmọ tí ó fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún. Ẹni tí ó bá ṣe ẹlẹ́rìí kò lè gba ohun tí a kọ sílẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò lè gbà á. Aya tí a torí rẹ̀ kọ ìwé ni yóò pàdánù, nítorí pé òun ni ó wà nítòsí nígbà tí a ń wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí i!

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe kékeré. Ní 1957, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Àpapọ̀ wí pé, ní àṣà ìbílẹ̀ Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ rẹ̀. Obìnrin tí ó bá ọkọ rẹ̀ ru búlọ́ọ̀kù, tí ó fi owó ọjà rẹ̀ ra páànù, bí ìgbéyàwó wọn bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ tí ọkọ kò sì fi ìwé sílẹ̀, ojú àwọn ọmọ ni yóò máa wò. (Ilẹ̀ ẹbí ni kí ẹnikẹ́ni má fi sínú ìwé tirẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀ láti fi tọrẹ.)

Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù lè sọ fún bàbá wọn pé fídíò tó. Lóòótọ́, nítorí àrùn kòrónà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí ẹlẹ́rìí máa wo ẹni tí ń fọwọ́ sí ìwé lórí fídíò. Ṣùgbọ́n àyè náà ti tán ní òpin oṣù kìn-ín-ní 2024. Nígbà náà pàápàá, orí pépà ni a ń fọwọ́ sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a mú ẹlẹ́rìí kúrò pátápátá, àwa kò ní bá a lọ. Ẹ̀rọ kò lè rí ọmọ tí ó dúró sẹ́yìn àga bàbá, tí ń sọ ohun tí bàbá yóò tẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn ni kí wọ́n tẹ òfin yìí jáde ní èdè Yorùbá, kí olùkọ́ lè kà á fún àwọn òbí, kí a sì lè kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní gbogbo wọ́ọ̀dù.