Omi Táǹkì Ilé Àbọ̀dé Ọdún

Ẹ̀yin ọmọ Fìdítì, Ìlọrà àti Awẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn àti l'Ékòó, ọ̀rọ̀ yín ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ́lé sílé, ẹ gbé táǹkì dúdú sókè, ẹ tìlẹ̀kùn, ó dìgbà ọdún. Ẹ délé, ẹ ṣí ẹ̀rọ, ẹ bu omi oṣù mẹ́fà fọ́mọ mu. Háà!

Èmi náà ṣe é rí. Lọ́jọ́ kejì Kérésì, gbogbo wa là ń tò sẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá. Ìgbà tí mo gun àkàbà wò ó, ìdérí ti ṣí, alángbá ti kú síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Tẹ́ ẹ bá ń padà síbi iṣẹ́, ẹ tú omi náà dànù, ẹ dé táǹkì pa, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì so ẹnu páìpù tómi ń gbà jáde tó bá kún, nítorí ẹ̀fọn. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn ha ẹrẹ̀ kúrò. Ẹ má sọ ọmọ sínú ẹ̀! Ẹ pọnmi kún un. Táǹkì onílítà 1,000, lítà kan ààbọ̀ bílíìsì tí kò ní lọ́fíńdà ló gbà. Ẹ má po kẹ́míkà mìíràn mọ́ ọn. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ títí tóòrùn ẹ̀ yóò fi jáde, ẹ tì í, ó di ọjọ́ kejì. Ẹ tú gbogbo ẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ ṣàn án dáadáa. Tó bá jẹ́ omi kànga lẹ wá pọn sí i, ẹ sè é kẹ́ ẹ tó mu ún.

Onígbáméjì tó jà l'Ékòó lọ́dún 2024, omi ìdọ̀tí ló ń gbé e kiri. Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni, àmọ́ omi tí alángbá kú sí, ọ̀tá gbogbo ilé ni.