Ìlú Kì í Ṣe Ààfin Nìkan

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí mo bá wo bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti ń rin ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ wa lọ sí Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, mo rí i pé àwa gan-an ni òwe náà ń bá wí. Ọkọ̀ yóò já wa sílẹ̀ ní ààfin Déjì, a ó ya fọ́tò. A ó gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè tó lé ní 600. A ó yọjú sí ààfin Ọ̀ṣemàwé, ó di ilé. Lọ́jọ́ kejì a ó máa fọ́nnu pé a ti mọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ṣé òótọ́ ni?

N kò sọ pé ààfin kò tó wò o. Ohun tí mò ń sọ ni pé inú àdúgbò ni ìlú ń gbé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Àkúrẹ́, kí ó sùn ní Òkè-Àró tàbí Ìsọlọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí ìró ìgbálẹ̀ jí i láàárọ̀, kí ó bá wọn pọn omi, kí ó ru agbọ̀n tẹ̀lé ìyá onílé lọ sí Ọjà-Ọba, kí ó gbọ́ bí wọ́n ti ń ná ọjà. Níbẹ̀ ni yóò ti gbọ́ “ulé” dípò ilé, tí yóò gbọ́ “usu” dípò iṣu. Kò dájú pé yóò gbọ́ ọ ní Àlágbàká tí ọ́fíìsì ìjọba pọ̀ sí. Láti 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti ń wọ́ wá síbẹ̀ láti ibi gbogbo. Yorùbá àjùmọ̀lò àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ara wọn yé.

Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ohùn yàtọ̀. Nígbà tí mo lo ọ̀sẹ̀ kan ní Òkè-Lísà, inú bí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a jọ lọ, nítorí pé ọmọdébìnrin kan kò fi “ẹ” bá bàbá rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní wọn kò kọ́ ọmọ náà nílé. Bẹ́ẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọ yìí wà tó ń gbé omi fún bàbá, bàbá sì ń súre fún un! Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ṣàlàyé pé nínú ẹ̀ka-èdè ìhà ibẹ̀, arọ́pò-orúkọ kan náà ló dúró fún “ẹ” àti “wọ́n”, àti pé lílo ọ̀pọ̀ fún ọ̀wọ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ bíi ti Ọ̀yọ́. Ìkúnlẹ̀ àti ìkíni ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ta ni kò gbẹ̀kọ́ nígbà náà? Ṣé ọmọ yẹn ni, tàbí àwa tí a gbé òṣùwọ̀n Ọ̀yọ́ lọ wọn Oǹdó?

Ọjà Oǹdó náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé obìnrin, Púpùpú, ló kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé. Oyè Lọ́bùn, oyè obìnrin tó so mọ́ ọ̀rọ̀ ọjà, sì ní ipa pàtàkì nínú ìfijoyè ọba. Ẹni tó bá jókòó ti àwọn ìyá ọlọ́jà ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò yé.

Àwọn kan yóò ní ará àdúgbò kì í ṣe ohun ìwòran. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìwọ̀sí ni kí ènìyàn máa ya fọ́tò oníyán láìtọrọ àyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó tọrọ àyè, tó ra iyán, tó sì bá wọn fọ abọ́, kì í ṣe òǹwòran mọ́.

Nítorí náà, mo rọ ẹgbẹ́ wa pé lọ́dún tí ń bọ̀, kí a mú ìlú kan ṣoṣo, kí a sùn síbẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta ní ilé òbí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ ìlú náà. Kí olúkúlùkù kó ogún ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè bọ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní máàkì. Òkè Ìdànrè kò ní sá lọ. Àwọn àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni kò ní í dúró dè wá.