Orúkọ Jọra, Owó Dúró

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àjọ FATF, tó ń gbógun ti fífọ owó káàkiri àgbáyé, yọ Nàìjíríà kúrò lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì nítorí owó ìwà ọ̀daràn. Láti oṣù kejì ọdún 2023 la ti wà níbẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni fún Ọ̀tà àti Sango, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fowó ránṣẹ́ sókè òkun láti ra èròjà.

Àmọ́, kí owó náà tó kọjá, báńkì gbọ́dọ̀ wo orúkọ ẹni tó ń sanwó àti ti ẹni tó ń gbà á, bóyá wọ́n wà lára àwọn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tàbí ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin dè. Àwọn báńkì kan ń gbé iṣẹ́ yìí fún ilé iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ́ Musa, Ibrahim tàbí Yusuf, mélòó ni wọ́n ní Sango nìkan? Bí ẹ̀rọ tó ń yẹ orúkọ wò bá rí èyí tó jọ ti ẹni tí wọ́n fòfin dè, owó á dúró, èròjà ò ní dé, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ohun tó dùn wá jù nìyẹn.

Ìlànà FATF fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kedere: bí báńkì bá tilẹ̀ gbára lé ẹlòmíràn, ọrùn báńkì ni ojúṣe wà. Nítorí náà, kí báńkì má sọ fún oníbàárà pé ẹ̀rọ ló dá owó dúró. Kí wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń fi ọjọ́ ìbí àti BVN (nọ́mbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì) ya ẹnìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹlòmíràn, lọ́jọ́ náà gan-an.